Ẹ má da iṣẹ́ àná nù bí ẹ bá fẹ́ di adarí àyípadà dígítà

Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó fẹ́ kúrò nídìí iṣẹ́ wọn wá sídìí tiwa ni pé: "Ṣé mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ kọ̀ǹpútà dunjú ni?" Nọ́ọ̀sì bi mí bẹ́ẹ̀, olùkọ́ bi mí, akọ̀wé owó náà bi mí. Ohun kan náà ni mo ń sọ fún gbogbo wọn. Ẹni tó ń darí àyípadà dígítà kì í kọ sọ́fítíwia. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tún ọ̀nà táwọn èèyàn ń gbà ṣiṣẹ́ tò, kí ẹ̀rọ tí iléeṣẹ́ náwó rà má baà di ẹrù lásán.

Ìtàn iná mànàmáná ni mo sábà fi ń là á yé wọn. Láti nǹkan bí ọdún 1880 làwọn iléeṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ti ń rí iná mànàmáná lò. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe ni pé wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ kúrò, wọ́n sì gbé ẹ́ńjìnnì oníná ńlá kan sípò rẹ̀. Ọ̀pá irin gígùn tó ń pín agbára kiri inú ilé wà lókè níbi tó wà. Ibi tí agbára ọ̀pá yẹn bá dé náà ni wọ́n ń to ẹ̀rọ sí, iṣẹ́ ìbáà rọrùn níbẹ̀, kó má rọrùn. Èrè gidi ò dé títí di nǹkan bí ọdún 1920, nígbà tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ti ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, tí wọ́n sì wá tún inú ilé iṣẹ́ tò bí iṣẹ́ ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ogójì ọdún gbáko! Ohun kan náà là ń ṣe lónìí tí a bá sọ fọ́ọ̀mù olójú-ewé mẹ́wàá di fọ́ọ̀mù olójú-ewé mẹ́wàá lórí kọ̀ǹpútà, láìbéèrè pé mélòó nínú ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ṣì wúlò.

Èmi náà ti kó sí kòtò yìí rí. Iléeṣẹ́ kan ní ká ṣe ètò ìforúkọsílẹ̀ tuntun fáwọn, a sì parí rẹ̀ lọ́jọ́ tí a dá. Nígbà tí mo padà débẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìwé làwọn òṣìṣẹ́ ṣì ń kọ ọ́ sí. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń jókòó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. A ti sọ iṣẹ́ kan di méjì mọ́ wọn lọ́wọ́. Inú bí mi sí wọn, àfìgbà tí ọ̀kan nínú wọn fi hàn mí pé ètò wa kì í gba orúkọ ẹni tí kò bá ní nọ́ńbà ìdánimọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wọn ni kò ní. Ó ti mọ èyí kí a tó bẹ̀rẹ̀. A ò bi í ni.

Ìdí nìyí tí mo fi ka ẹni tó ti ṣiṣẹ́ mìíràn fún ọdún mẹ́wàá sí ẹni iyì. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nọ́ọ̀sì mọ ohun tó máa ń sọnù nígbà tí wọ́n bá ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn láàárọ̀. Akọ̀wé owó mọ ìwé tí ọ̀gá ń fọwọ́ sí láìkà. Kò sí ẹ̀kọ́ olóṣù mẹ́fà tó lè fi irú ìmọ̀ yẹn síni lórí.

Kí wá ni ẹ̀kọ́ náà wà fún? Ó ń kọ́ yín láti ya bí iṣẹ́ ṣe ń lọ sórí ìwé, láti ka dátà, láti bá ẹni tó ń ta ẹ̀rọ ṣàdéhùn, láti gbé àyípadà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ká mi lára jù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, báǹkì TSB ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn oníbàárà rẹ̀ bọ́ sórí ètò kọ̀ǹpútà tuntun lẹ́ẹ̀kan náà, dípò díẹ̀díẹ̀. Dátà kó wọlé láìsí wàhálà, àmọ́ ètò tuntun náà dẹnu kọlẹ̀, àwọn èèyàn ò sì rí owó wọn lò. Oṣù kejìlá ni gbogbo rẹ̀ tó padà bọ̀ sípò. Lọ́dún 2022, àwọn aláṣẹ bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 48.65 pọ́n-ùn lé báǹkì náà. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀ ni pé àbójútó rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó, títí kan bó ṣe ń ṣọ́ àwọn tó gbé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà fún. Ọ̀rọ̀ adarí gan-an nìyẹn.

Bí ẹ bá ń wá ibi tí ẹ ó ti kẹ́kọ̀ọ́, ẹ béèrè bóyá wọn yóò fún yín ní iṣẹ́ gidi ṣe ní iléeṣẹ́ gidi. Bí ó bá jẹ́ fídíò àti ìdánwò nìkan ni, ẹ fi owó yín sápò. Ẹ má sì sáré lé gbogbo ìwé ẹ̀rí. PMP, bí àpẹẹrẹ, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tí àjọ PMI ń fún àwọn adarí iṣẹ́ àkànṣe, ẹni tó ti darí iṣẹ́ rí ni wọ́n ń jẹ́ kó jókòó fún ìdánwò rẹ̀. CAPM, ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí àjọ kan náà ń ṣe, kò béèrè bẹ́ẹ̀, òun ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lè fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má retí oyè ńlá lákọ̀ọ́kọ́. Àwọn ipò tó ṣeé kọ́kọ́ wọ̀ ni ti ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò láti mọ ibi tó ti ń dí, tàbí ti ẹni tó ń tọ́ àwọn òṣìṣẹ́ sọ́nà nígbà tí ètò tuntun bá dé. Ibi tí ẹ wà lónìí gan-an lẹ ti lè bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tí mo tọ́ sọ́nà fi ọ̀sẹ̀ kan ka iye ìgbà tí wọ́n ń kọ orúkọ aláìsàn kan náà sílẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà títí dé orí bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà mẹ́sàn-án ni. Ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀, àwọn méjèèjì jọ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì dín in kù sí mẹ́ta láìra ẹ̀rọ kankan. Ojú-ewé kan ló fi kọ bí wọ́n ṣe ṣe é sílẹ̀. Ojú-ewé yẹn ló gbé síwájú àwọn tó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò fún iṣẹ́ tó ń ṣe báyìí.