Bí Àrùn Escobar Ṣe Ń Ká Oríkèé Ọmọ Láti Inú Oyún

Ní ibi ìtọ́jú aláboyún, ì báà jẹ́ ní Kubwa tàbí ní Gwagwalada, nọ́ọ̀sì kì í gbàgbé láti bèèrè bóyá ọlẹ̀ ń sọ. Sísọ ọlẹ̀ kì í ṣe eré lásán. Bí ó ṣe ń na apá, tí ó ń ká ẹsẹ̀, tí ó sì ń yí ọrùn ni oríkèé rẹ̀ ṣe ń rọ̀, tí awọ tí ó bò ó sì ń gbà á láyè. Oríkèé tí kò bá mira máa ń gan; ibẹ̀ ni àrùn Escobar, àrùn àjogúnbá tí ń mú kí oríkèé ọmọ gan, kí awọ sì nà bò ó, ti ń bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ọpọlọ bá fẹ́ kí ẹsẹ̀ gbéra, iṣan ìmọ̀lára a tú èròjà kan tí ń jẹ́ acetylcholine sára ẹran ara, ẹran ara náà sì ní ohun kan tí ó fi ń gbọ́ iṣẹ́ yìí, bí etí oníjó ṣe ń gbọ́ ìlù. Ẹ̀là márùn-ún ni ó para pọ̀ di etí náà. Jíìnì (àṣẹ tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí) kan tí ń jẹ́ CHRNG ni ó ń pèsè ọ̀kan nínú wọn fún ọlẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí oyún bá fi máa tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 33, ẹ̀là mìíràn yóò ti gba ipò rẹ̀. Bí CHRNG bá bàjẹ́, etí náà kò ní gbọ́ dáadáa ní gbogbo oṣù tí ó ṣáájú. Ó yani lẹ́nu pé ara fúnra rẹ̀ máa ń tún un ṣe kí wọ́n tó bí ọmọ, àmọ́ oríkèé ti gan kí àtúnṣe náà tó dé. Èyí tí ó le jù nínú àrùn náà máa ń pa ọmọ sínú oyún.

Ẹni tí ó bá mọ AA, AS àti SS ti mọ bí a ṣe ń jogún rẹ̀: bàbá àti ìyá tí ara wọn dá ṣáṣá lè gbé jíìnì tí ó bàjẹ́ kọ̀ọ̀kan, oyún kọ̀ọ̀kan sì ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti gba méjèèjì. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe kí ìgbéyàwó tó wáyé kò lè fi èyí hàn. Ní Àríwá Nàìjíríà, níbi tí ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò ti sábà máa ń fẹ́ ara wọn, ewu irú àrùn báyìí pọ̀ sí i, nítorí ẹbí kan náà lè ti pín jíìnì kan náà kiri. Síbẹ̀ kò yọ àwọn tí kò bá ara wọn tan sílẹ̀. Kì í ràn, kì í sì í ṣe èpè.

Lára ọmọ, awọ a nà bí èyí tí ó wà láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ: láti ọrùn dé èjìká, ní abíyá, ní ẹ̀yìn orúnkún. Ìpéǹpéjú lè wó díẹ̀, ọ̀pá ẹ̀yìn lè wọ́, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ sì lè kéré débi pé ó máa ń ṣòro fún oníṣègùn láti ki rọ́bà èémí sí ọmọ lọ́fun kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ. Ti ẹ̀yìn orúnkún ni kò gba ìkánjú rárá, torí pé iṣan ìmọ̀lára ńlá tí ó ń lọ sí ẹsẹ̀ lè gba inú awọ tí ó nà yẹn kọjá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń kọ́kọ́ fi fisiotẹ́rápì àti P.O.P. (ìdì líle funfun tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀) tí wọ́n ń pààrọ̀ léraléra na ẹsẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀, kí ọ̀bẹ tó kàn án.