Òṣogbo ni wọ́n ti ń darí iná Nàìjíríà, kí ló wá dé tí Òṣogbo náà ń wà lókùnkùn?

Bí rédíò bá ti kéde pé gíríìdì orílẹ̀-èdè, ìyẹn wáyà ńláńlá tó so iná gbogbo Nàìjíríà pọ̀, ti wó, inú àwọn ará Òṣogbo máa ń bà jẹ́ ju ti ará ìlú mìíràn lọ, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Yàrá tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ń pè ní National Control Centre, ìlú yìí ló wà. Láti Ọjà Ọba dé Òkè-Fìà, ọ̀rọ̀ kan náà lèèyàn máa gbọ́: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, ìdí pẹpẹ ló ti ń jẹ, kí ló wá dé tí àwa tí iná wà lọ́wọ́ wa ò rí iná lò? Àwọn mìíràn tilẹ̀ gbà pé ọ̀gá kan wà tó jókòó síwájú bọ́tìnnì, tó ń tẹ Èkó, tó ń tẹ Àbújá, tó sì ń fo Òṣogbo dá.

Kò sí bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú yàrá yẹn le ju kí wọ́n máa pín iná bí ẹní pín ẹran iléyá lọ, ó sì dín ní agbára ju bí a ṣe rò.

Ohun tó mú iná mànàmáná yàtọ̀ sí ọjà yòókù ni pé kò ṣeé kó pamọ́ lórí wáyà. Omi ṣeé pọn sílẹ̀, epo ṣeé rọ sínú kẹ́ẹ̀gì. Iná tó ń gba orí wáyà kọjá, bí wọ́n ṣe ń pèsè rẹ̀ lọ́wọ́ náà la ń lò ó lọ́wọ́. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti ń fi bátìrì ràgàjì kún tiwọn báyìí, ṣùgbọ́n gíríìdì Nàìjíríà kò gbára lé ìyẹn. Nítorí náà, iye tí àwọn ilé-iṣẹ́ apèsè-iná bá ń tì sórí wáyà gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú iye tí gbogbo fìríìjì, fáànù, ẹ̀rọ wẹ́dà àti ẹ̀rọ ìfami orílẹ̀-èdè yìí ń fà, ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, tọ̀sán-tòru.

Ẹni tó bá ti lo jẹnẹrétọ̀ kékeré rí ti fojú ara rẹ̀ rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí wọn ò bá dọ́gba. Jẹnẹrétọ̀ ń dún geere lẹ́yìnkùlé, gílóòbù méjì àti fáànù kan ló ń gbé. Kí ẹnì kan lọ ki áyọ́ọ̀nù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Lójú ẹsẹ̀, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í kérora, gílóòbù á pọ́n, fáànù á máa fàsẹ̀. Láìpẹ́, ohun kan nínú ẹ̀rọ náà á ṣílẹ̀kùn fún epo sí i, ohùn á tún gbéra díẹ̀. Bí wọ́n bá tún wá so ẹ̀rọ ìfami mọ́ ọn, á kú fin-ín. Lọ́nà kejì ẹ̀wẹ̀, bí wọ́n bá fa áyọ́ọ̀nù yọ lójijì, jẹnẹrétọ̀ á han gooro, á máa sáré ju bó ṣe yẹ lọ, kó tó fara balẹ̀. Ìṣòro gíríìdì orílẹ̀-èdè kò ju èyí lọ, àfi pé ìwọ̀n rẹ̀ tóbi.

Bí ẹ̀rọ ṣe ń yára yí sí ni wọ́n ń fi hertz wọ̀n. Tiwa ní Nàìjíríà jẹ́ 50. Gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí gíríìdì, ìbáà ṣe ti omi ní Kainji, Jẹ́bà àti Shiroro, ìbáà ṣe ti gáàsì ní Ẹgbin àti ní Ẹdó, wáyà ti so wọ́n pọ̀ débi pé ìṣísẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Bí ọ̀kan bá ń falẹ̀, gbogbo wọn ló ń falẹ̀. Ẹni tó ní ìnífátà tó ń kọ Hz sójú lè wò ó nígbà tí iná bá wà: nọ́ńbà tó bá rí ní Alẹ́kúwodò náà ni ẹni tó wà ní Kánò ń rí. Òfin gíríìdì fẹ́ kó wà láàárín 49.75 sí 50.25. Bí nǹkan bá le, wọ́n lè gbà kó wà láàárín 48.75 sí 51.25. Bó bá ti kọjá ibẹ̀, ewu ti dé.

Nọ́ńbà yẹn gan-an làwọn tó wà ní yàrá ìdarí ń tẹjú mọ́. Bó bá ń lọ sílẹ̀, ẹrù, ìyẹn iná tí a ń fà, ti ju agbára lọ: wọ́n á pe ilé-iṣẹ́ apèsè kan pé kó fi mẹgawáàtì, ìyẹn òṣùwọ̀n iná, kún tirẹ̀. Bí ìyẹn kò bá ní àfikún, wọ́n á pàṣẹ fún àwọn ilé-iṣẹ́ apín-iná pé kí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, ìyẹn ni pé kí wọ́n pa fíìdà, wáyà tó ń gbé iná wọ àdúgbò, kan tàbí òmíràn. Lójú ará ilé, wọ́n kàn "mú iná lọ" ni. Lójú yàrá ìdarí, wọ́n ti gba gbogbo orílẹ̀-èdè là fún wákàtí kan. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì ti fi ń ṣe iṣẹ́ yìí láìsí SCADA tó péye, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó yẹ kó máa fi gbogbo ibùdó iná hàn wọ́n lójú kan náà. Tẹlifóònù ni wọ́n ń gbé, bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ láìní dígí, tó ń bi èrò ẹ̀yìn léèrè bóyá ọ̀nà mọ́.

Kì í ṣe ojúrere ni ìlú yìí fi rí yàrá náà gbà. Nígbà tí Kainji bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè iná ní 1968, iná ní láti gba ọ̀nà jíjìn láti Odò Ọya wá sí gúúsù. Òṣogbo bọ́ sí oríta: wáyà 330,000 fóòtì (volt, ìwọ̀n ipá tó ń ti iná) láti Jẹ́bà wọ ibí, láti ibí ni òmíràn ti lọ sí Ìkẹjà, òmíràn sí Benin, òmíràn sí Ayédé ní Ìbàdàn. Oríta ni olùdarí máa ń dúró sí.

Báwo ni gíríìdì wá ṣe ń wó? Ká ní ẹ̀rọ ńlá kan tírípù, ìyẹn ni pé ó kú lójijì, ní Ẹgbin, tó sì ń gbé 200 mẹgawáàtì. Ẹrù kò dín kù, àwọn ẹ̀rọ tó ṣẹ́kù ni wọ́n máa pín in gbé, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Hertz ń lọ sílẹ̀. Ohun tó yẹ kó gba wọ́n sílẹ̀ ni agbára tí wọ́n fi pamọ́ sára àwọn ẹ̀rọ tó ń yí lọ́wọ́: kí ẹ̀rọ tó lè gbé 150 máa gbé 120, kí 30 wà nílẹ̀ de ọjọ́ ìṣòro. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ jù lọ, tí kò sì ń wọ ìwé ìròyìn tó bó ṣe yẹ. Agbára ìpamọ́ yìí kì í sábà tó nǹkan kan ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò tilẹ̀ sí rárá. Ta ló máa sanwó fún ẹni tó fi agbára sílẹ̀ láìtà, nígbà tí wọn kò tíì san ti èyí tó tà? Gbèsè tí wọ́n jẹ àwọn apèsè-iná ti wọ tírílíọ̀nù náírà, gbèsè ti àwọn náà sì wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta gáàsì fún wọn.

Láìsí ìpamọ́, hertz á máa sọ̀kalẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ aṣọ́nà wà nídìí àwọn fíìdà kan tó yẹ kó pa wọ́n fúnra rẹ̀ bí hertz bá ti rẹlẹ̀ dé ibì kan. Bí wọn kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, ó di ti àwọn ilé-iṣẹ́ apèsè láti gba ara wọn là. Tọ́báìnì, ẹ̀rọ tó ń yí láti pèsè iná, tó bá ń yí ní ìṣísẹ̀ tí wọn kò ṣe é fún lè gbọ̀n títí abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ á fi kán, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Nítorí náà á já ara rẹ̀ kúrò lórí wáyà. Ẹrù tirẹ̀ á tún bọ́ sórí àwọn yòókù, èkejì á já, ẹ̀kẹta á já. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti di òdo. Kò sí èèyàn tó lè gbé tẹlifóònù bá a.

Èyí tó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé iná àpọ̀jù náà ń wó gíríìdì. Bí ìjì bá jà tí ọ̀pọ̀ fíìdà pa lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí tí wáyà ńlá tó ń gbé iná lọ sí apá kan orílẹ̀-èdè já, ẹrù á fúyẹ́ lójijì, ẹ̀rọ á sáré ju bó ṣe yẹ, wọ́n á sì tún máa já ara wọn kúrò. Nítorí náà, nígbà tí mínísítà bá kéde pé iná tí a ń pèsè ti pọ̀ sí i, bíi 5,801 mẹgawáàtì tí wọ́n dé ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta 2025, ìròyìn ayọ̀ ni lóòótọ́, àmọ́ kò sọ nǹkan kan nípa bóyá gíríìdì máa dúró. Lọ́dún 2024, ju ìgbà mẹ́wàá lọ ni àwọn oníròyìn kà pé ó wó pátápátá tàbí lápá kan. (Àwọn tó ń darí rẹ̀ máa ń jiyàn lórí àwọn kan nínú rẹ̀. Ẹni tó wà lókùnkùn kì í bá wọn jiyàn.)

Títan iná padà ló ń jẹ wákàtí púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ apèsè-iná nílò iná kí wọ́n tó lè pèsè iná: fáǹpù, ẹ̀rọ atẹ́gùn, kọ̀ǹpútà, gbogbo rẹ̀ ló ń fẹ́ iná. Ìwọ̀nba tó lè dìde fúnra wọn, bíi Shiroro àti Azura ní Ẹdó, ni yàrá ìdarí máa kọ́kọ́ pè. Ọ̀kan á dìde, wọ́n á fi iná rẹ̀ sórí wáyà kan títí dé ibùdó tó kàn, wọ́n á bu ẹrù díẹ̀ lé e, díẹ̀ ni o, torí bó bá pọ̀ á tún kú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jí ẹ̀rọ kejì, wọ́n á dúró títí ìṣísẹ̀ rẹ̀ fi bá ti àkọ́kọ́ mu rẹ́gí kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀. Wáyà gígùn tí kò gbé ẹrù sì máa ń gbé fóòtì ga ju bó ṣe yẹ lọ, ìdí nìyẹn tó fi dára kí èèyàn fi fìríìjì àti tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ní pípa fún ìgbà díẹ̀ tí iná bá dé lẹ́yìn tí gíríìdì wó. Nínú gbogbo èyí, ibi tí wáyà bá gbà àti ibi tí ìjọba fẹ́ ló ń kọ́kọ́ rí iná. Àbújá sábà máa ń wà níwájú. Pé yàrá ìdarí wà ní Òṣogbo kò fi ìṣẹ́jú kan mú kí Òṣogbo ṣáájú.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òkùnkùn ni ti gíríìdì, ibẹ̀ ni ìbínú àwọn èèyàn ti máa ń ṣìnà. Ní oṣù Kẹwàá 2024, apá Àríwá wà lókùnkùn ju ọ̀sẹ̀ kan lọ nítorí pé wáyà ńlá tó gba Ugwuaji ní Enugu lọ síbẹ̀ bàjẹ́, lẹ́yìn tí àwọn ọ̀bàyéjẹ́ ti ba wáyà Shiroro sí Kàdúná jẹ́. Gíríìdì wà ní ìdúró ní gúúsù ní gbogbo ìgbà yẹn. Bí Òṣogbo bá ṣókùnkùn, ẹ pe ẹnì kan ní Ìlọrin àti ẹnì kan ní Ìbàdàn. Bí àwọn náà kò bá ní iná lẹ́ẹ̀kan náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gíríìdì. Bí tiwọn bá wà, tí Òkè-Baálẹ̀ nìkan sì wà lókùnkùn, fíìdà ni. Bí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kan bá ní iná tí ẹ̀gbẹ́ kejì kò ní, trànsífọ́mà tàbí fíùsì rẹ̀ ni, kò sì sí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ ní yàrá ìdarí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wà nítòsí.

Ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá 2013 ni wọ́n fa apá tó pọ̀ nínú iṣẹ́ tí NEPA nìkan ń ṣe tẹ́lẹ̀ lé àwọn aládàáni lọ́wọ́. Àwọn aládàáni ló ń pín iná, IBEDC ló sì gba Ọ̀ṣun mọ́ Ọ̀yọ́, Ògùn àti Kúwárà. Wáyà ńláńlá ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Òfin iná ti 2023 ti jẹ́ kí ìpínlẹ̀ lè máa ṣàkóso ọjà iná tirẹ̀, Èkìtì, Oǹdó àti Ọ̀yọ́ sì ti gbà á, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tó bá ṣì so mọ́ gíríìdì yóò bá a wó nígbà tó bá wó.

Wákàtí tí fíìdà kan ń rí lójúmọ́ wá di ọ̀rọ̀ báńdì, ìyẹn ìpele tí wọ́n pín àwọn fíìdà sí. Báńdì A gbọ́dọ̀ rí wákàtí 20 ó kéré tán, B 16, D sì jẹ́ 8 péré. Láti oṣù Kẹrin 2024 tí owó Báńdì A fò sókè sí 225 náírà fún yúnìtì kan nígbà náà, NERC tó ń ṣàkóso wọn ti fi ìlànà lé e: bí fíìdà Báńdì A kò bá pé wákàtí rẹ̀ fún ọjọ́ méjì léra, ilé-iṣẹ́ apín-iná gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún àwọn oníbàárà ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, bó bá di ọjọ́ méje léra, wọ́n gbọ́dọ̀ já fíìdà náà sí báńdì tó bá iná tó ń rí mu, kí owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lo ìlànà yìí á béèrè orúkọ fíìdà tó ń gbé iná wọ àdúgbò rẹ̀, á máa kọ àkókò tí iná dé àti èyí tó lọ sílẹ̀, á kọ́kọ́ fi ìwé ẹ̀sùn sílẹ̀ lọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ apín-iná, á gba nọ́ńbà ẹ̀sùn náà, kó tó gbé e lọ sọ́dọ̀ NERC.