Every Breath You Take (orin The Police)

"Every Breath You Take" jẹ́ orin pop-rock tí bàǹdì The Police gbé jáde ní síngù ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún 1983, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú Synchronicity, àwo-orin tó wà nínú ẹ̀. Sting ló kọ ọ̀rọ̀ àti ohùn ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ó jókòó sípò kìíní lórí Billboard Hot 100 fún ọ̀sẹ̀ 8, ní Bìrìtéènì ọ̀sẹ̀ 4, nígbà tí ọdún sì parí Billboard kà á sí orin tó ta yọ jù ní 1983. Orin ìfẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí, wọ́n ń fi jó níbi ìgbéyàwó, àmọ́ téèyàn bá fara balẹ̀ gbọ́ ọ, ọkùnrin tí olólùfẹ́ ẹ̀ ti fi sílẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó ní gbogbo ibi tí obìnrin náà bá gbẹ́sẹ̀ sí lójú òun máa wà.

Ọdún 1977 ni wọ́n dá The Police sílẹ̀ ní London. Mẹ́ta ni wọ́n: Sting, tí orúkọ ẹ̀ gan-an ń jẹ́ Gordon Sumner, tó ti ṣe tíṣà rí kó tó di olórin, òun ló ń ta gìtá béèsì tó sì ń kọrin, Stewart Copeland ọmọ Amẹ́ríkà ló ń lu dọ́ọ̀mù, Andy Summers onígìtá sì dàgbà jù wọ́n lọ dáadáa, ó ti ń ṣiṣẹ́ orin láti àwọn ọdún 1960. Nígbà tó fi máa di 1982, owó ti wà, òkìkí ti wà, àmọ́ àárín wọn ò gún mọ́. Copeland ló dá bàǹdì sílẹ̀, orin Sting ló sì ń tà, torí náà tí wọ́n bá ti wọ stúdíò àfi kó di ọ̀rọ̀ pé orin ta ni wọ́n máa lò àti ta ló máa sọ bó ṣe máa dún. Ọ̀rọ̀ owó náà tún wà ńbẹ̀ o, torí ẹni tórúkọ ẹ̀ bá wà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ orin ló ń gba owó oǹkọ̀wé, ẹni tó kàn lu nǹkan sí i ò ní ìpín nínú ìyẹn.

Bí Sting ṣe kọ ọ́

Ilé Sting fúnra ẹ̀ ò rójú lásìkò yẹn. Ìgbéyàwó òun àti òṣèré Frances Tomelty ti ń tú ká, Trudie Styler tó jẹ́ òṣèré bákan náà, tó tún jẹ́ ọ̀rẹ́ Tomelty, ló ń fẹ́, àwọn oníwèé ìròyìn Ìlú Ọba ò sì jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ló bá gba Jàmáíkà lọ, ó dé sí Goldeneye, ilé etíkun tí Ian Fleming ti kọ àwọn ìwé James Bond. Bó ṣe máa ń ròyìn ẹ̀ ni pé òun ta jí láàárín òru, gbólóhùn tó di orúkọ orin náà ti wà lórí òun, òun jókòó sídìí dùùrù, kò sì ju ìdajì wákàtí lọ tí orin fi délẹ̀. Ó gbà pé ohùn ẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ orin tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ló lágbára.

Òun náà kọ́kọ́ rò pé orin ìtùnú lòun kọ. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló sọ pé òun rí i pé orin náà burú, pé owú àti ká máa ṣọ́ ẹlòmíì tọwọ́tẹsẹ̀ ló wà nínú ẹ̀, ó tún fi ọ̀rọ̀ ìjọba tó ń ṣọ́ ará ìlú kún un. Ní 1985 ó gbé "If You Love Somebody Set Them Free" jáde, ó ní ẹ̀rọ̀ orin ti tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó ń fi ti tẹ́lẹ̀ ṣègbéyàwó ò tìtorí ẹ̀ dúró.

Ní Montserrat

Demo tí Sting ṣe, ìyẹn orin tó kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ láti fi dánra wò, ọ́gàànì Hammond ló kún inú ẹ̀ bámúbámú. Òun ni wọ́n gbé lọ sí AIR Studios ní erékùṣù Montserrat ní Caribbean ní ìparí 1982 wọ 1983, ìyẹn stúdíò tí George Martin, prodúsà The Beatles, kọ́ síbẹ̀, Hugh Padgham ni prodúsà tó bá wọn ṣiṣẹ́. Yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà: dọ́ọ̀mù Copeland wà ní yàrá ìjẹun, Summers wà nínú stúdíò gangan, Sting sì wà lọ́dọ̀ Padgham nídìí ẹ̀rọ. Wọ́n ní torí kí ìró má baà wọnú ara wọn ni, àmọ́ kò jọ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ṣàárò ojú ẹnì kejì. Orin yìí gan-an ló dá ìjà tó le jù sílẹ̀. Sting fẹ́ kí dọ́ọ̀mù máa lọ gbọọrọ láìdárà, Copeland sì rèé, àrà dídá lórí ìlù ló sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀, ọ̀rọ̀ náà fa ọ̀pọ̀ ọjọ́, ó le débi pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n pa àwo náà tì kóníkálùkù máa lọ ilé ẹ̀. Níkẹyìn, ti Sting ló ṣẹ: ìlù inú orin náà ò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì.

Gìtá ló wá kù. Sting ní kí Summers lọ fi tiẹ̀ sí i bó ṣe wù ú. Ọ̀nà tó wà nílẹ̀ ni pé kó máa gbá kọ́ọ̀dù mẹ́rin inú orin náà lọ, ìyẹn àwọn nóòtì tí wọ́n ń ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí olórin yòówù ṣe máa gbá a, kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti ń fi gìtá kọ́ àwọn orin fáólìn Béla Bartók, ọmọ Họ́ńgárì tó ń kọ orin, fún ìgbà díẹ̀, òun àti Robert Fripp onígìtá sì ti jọ ṣe àwo kan ní 1982, ibẹ̀ ló ti mú ọgbọ́n pé kóun máa já kọ́ọ̀dù sọ́tọ̀ ní nóòtì kọ̀ọ̀kan, kóun sì fi nóòtì kẹsàn-án sí èyí tí kọ́ọ̀dù ti bẹ̀rẹ̀ kún un, èyí tó ń mú kí ìka ọwọ́ òsì ya gan-an lórí ọrùn gìtá, ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún tẹ okùn díẹ̀ kí ìró má baà tàn jù. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lòun ta á, àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ sì pàtẹ́wọ́. Ọ́gàànì bá tirẹ̀ lọ. Níbi tí orin ti yí pa dà láàárín, níbi tí èèyàn ti máa retí kí gìtá dá rà, nóòtì dùùrù kan ṣoṣo ni wọ́n ń tẹ̀ lérí ara wọn, kò sí nǹkan míì.

Lẹ́yìn tó jáde

Kevin Godley àti Lol Creme, tí wọ́n ti wà nínú bàǹdì 10cc rí, ló ṣe fídíò ẹ̀ ní dúdú àti funfun: abọ́ eérú sìgá kan ló ń yí di ojú dọ́ọ̀mù níbẹ̀rẹ̀, Sting dúró ti béèsì ńlá onígi, ọkùnrin kan sì ń nu fèrèsé lẹ́yìn wọn. MTV, ìkànnì tẹlifíṣọ̀n tó ń gbé fídíò orin, ń gbé e lemọ́lemọ́. Níbi Grammy 1984, ó gba Song of the Year àti ẹ̀bùn fún bàǹdì tó kọrin pop jù, àmọ́ "Beat It" ti Michael Jackson ló gba Record of the Year. Synchronicity ló wá di àwo stúdíò tí The Police ṣe kẹ́yìn.

Ní 1997, Puff Daddy àti Faith Evans pẹ̀lú ẹgbẹ́ akọrin 112 gbé "I'll Be Missing You" jáde láti fi ṣèdárò olórin ráàpù The Notorious B.I.G. tí wọ́n yìnbọn pa lóṣù Kẹta ọdún yẹn. Gìtá Summers inú "Every Breath You Take" ni wọ́n gé mú láti fi gbé gbogbo orin náà ró, ọ̀sẹ̀ 11 ló sì lò nípò kìíní ní Amẹ́ríkà. Wọn ò tọrọ àyè kí wọ́n tó gé e, torí náà Sting ló kó owó oǹkọ̀wé ẹ̀, Summers tó ta gìtá yẹn ò sì rí nǹkan kan gbà nínú ìyẹn, kò sì fìgbà kan fi bó ṣe dùn ún tó pa mọ́.

Ní 2019 BMI, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń gba owó ẹ̀tọ́ fún àwọn tó kọ orin, kéde pé "Every Breath You Take" ni orin tí rédíò Amẹ́ríkà gbé jù nínú gbogbo orin tó wà lọ́wọ́ wọn, ó gba ipò náà lọ́wọ́ "You've Lost That Lovin' Feelin'". Sting ta ẹ̀tọ́ àwọn orin ẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ orin Universal ní 2022. Ní 2025 ni ìròyìn jáde pé Summers àti Copeland ti gbé Sting lọ sílé ẹjọ́ gíga ní London lórí owó tí wọ́n ní ó yẹ kó tọ́ sáwọn.