Ibi Tí Àmì Abẹ́ Ọ Ń Já Bọ́ Sí

Bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé ní Àkúrẹ́, tí àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣe káàdì ìkíni bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ, Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń pọ̀ jù lára ohun tí wọ́n kọ. Èyí tó bá sì jẹ́ Yorùbá, “E KU ODUN” lásán ni: orí ṣófo, abẹ́ ṣófo. Ẹ bi ẹni tó ṣe é, ìdáhùn ti wà lẹ́nu rẹ̀: “Irinṣẹ́ yìí ò gbọ́ Yorùbá.”

Irinṣẹ́ náà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Irin, rọ́bà àti ike tí a fi ń tẹ ọ̀rọ̀ tàbí gé e sára káàdì ni. Ohun tó mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: èwo ló so mọ́ra, èwo ni kò so. Gẹ̀ẹ́sì gan-an kò bọ́ nínú rẹ̀. Ṣebí i àti j tiwọn náà ní tóóró lórí, àwọn tó ń ṣe irinṣẹ́ sì ti wá nǹkan ṣe sí i tipẹ́. Tiwa nìkan ni a sọ pé kò ṣeé ṣe. Bẹ́ẹ̀ àmì wa kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Obìnrin tó fẹ́ fi káàdì dá ọkọ rẹ̀ lọ́lá, tó wá kọ “SI OKO MI” sí i, oko ló kọ̀wé sí. Ní ìpínlẹ̀ tí kòkó ti kún igbó bíi ti Oǹdó yìí, bàbá náà lè dìde kó máa wá àdá.

Bí a ṣe ń ká káàdì kò ní dá wa dúró. Ìwé líle A4 kan, gé e sí méjì, ká ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì, káàdì méjì ti dé. Kó jẹ́ ìwé tó tó gíráàmù 250 sí 300 fún mítà kan níbùú lóòró, kì í ṣe pépà fọ́tòkọ́pì tí í ṣe 80. Pépà sì ní ìhà tí fọ́nrán rẹ̀ lọ, bí igi ìdáná ṣe ní ìhà tó ṣeé là. Èyí tí a bá ká lódì, ẹ̀yìn rẹ̀ á sán. Ó parí.

Irinṣẹ́ mẹ́ta ló ń gbé ọ̀rọ̀ dé ara káàdì: òǹtẹ̀ tí a ń fi yíǹkì tẹ̀, sítẹ́ńsù tí yíǹkì ń gba ihò rẹ̀ kọjá, àti dáì, irin tó ń gé ọ̀rọ̀ jáde lára ìwé. Kì í ṣe dáì aláṣọ o. Kò sí aró nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí a fi Ẹ KÚ ỌDÚN dán àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò. Lẹ́tà méje ni, àmì mẹ́rin: méjì lábẹ́, méjì lórí.

Òǹtẹ̀ ló rọrùn jù. Gbogbo lẹ́tà tó wà lára rẹ̀ ló dúró lórí ẹ̀yìn rọ́bà kan náà, bí ilé púpọ̀ ṣe ń dúró lórí ilẹ̀ kan. Àmì abẹ́ Ẹ kò nílò láti di Ẹ mú. Ó ní ìpìlẹ̀ tirẹ̀. Bó bá ṣáà ti ga tó àwọn yòókù, á mu yíǹkì, á sì yọ lára pépà. Ẹni tí kò rí òǹtẹ̀ Yorùbá rà lè fi bíléèdì gbẹ́ tirẹ̀ sára írésà ńlá. (Ilá tí a gé lágbedeméjì tún jẹ́ òǹtẹ̀ ìràwọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa.) Ibi tí ọ̀fìn wà ni pé òdì ni òǹtẹ̀ ń kọ: òsì á di ọ̀tún. Ẹni tó bá gbẹ́ K tàbí D láìdà á kọ á rí i lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan ti ṣe. Ṣùgbọ́n U kò ní òsì kò ní ọ̀tún, bó o ṣe yí i náà ló wà, nítorí náà ojú kì í tètè mú un. Àmì orí rẹ̀ nìkan ló máa yí padà: àmì ohùn òkè á di àmì ohùn ìsàlẹ̀, Ẹ KÚ á sì di Ẹ KÙ. Èèyàn á wá máa kí ìdílé pé wọ́n ṣẹ́kù.

Ohun mìíràn tó ń ba àmì jẹ́ lára òǹtẹ̀ ni ọwọ́ akọ̀wé ìjọba. Gbà! A ti rí i ní ọ́fíìsì títí, a rò pé bí òǹtẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Rọ́bà rọ̀, bí a bá gbá a mọ́lẹ̀, á fẹ̀, yíǹkì á sá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́tà ńlá lè fara dà á, ṣùgbọ́n àmì abẹ́ tí kò ju orí ìṣáná lọ á wú, á lẹ̀ mọ́ ìdí lẹ́tà, á di ìrù. Ẹ gbé e lé pépà, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ káàkiri, ẹ gbé e sókè gbọnrangandan.

Àwọn kan á tún wọ́n ìyẹ̀fun ike sórí yíǹkì tí kò tíì gbẹ, wọ́n á fi ooru yọ́ ọ kí ọ̀rọ̀ náà lè ta yọ, kó máa dán. Dírayà tí wọ́n fi ń gbẹ irun kò lè ṣe é, bó ti wù kí wọ́n dúró tì í tó: atẹ́gùn rẹ̀ lágbára ju ooru rẹ̀ lọ, á ti fẹ́ ìyẹ̀fun dànù kó tó yọ́. Nígbà ọyẹ́ pàápàá, ìyẹ̀fun yìí máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tí a kò rán an, bí náílọ̀n ṣe ń lẹ̀ mọ́ irun apá. Kóró kan ṣoṣo tó bá lẹ̀ sábẹ́ O tí kò ní àmì tẹ́lẹ̀ ti sọ ọ́ di Ọ. Páúdà ọmọdé díẹ̀ tí a kọ́kọ́ fi nu pépà ni òògùn rẹ̀.

Sítẹ́ńsù ló sọ gbogbo rẹ̀ dorí kodò. Ike pẹlẹbẹ tí a gé ihò sí ni, ibi tí ihò bá wà ni yíǹkì ń gbà kọjá. Lójú sítẹ́ńsù, àmì abẹ́ àti àmì ohùn ni ọmọ tó gbọ́ràn jù nínú ilé: ihò kékeré lásán ni wọ́n. Inú Ọ ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí a bá gé ìta Ọ yíká, tí a tún gé inú rẹ̀ yíká, inú yẹn ti di ẹni tó dúró láàrin odò. Kò sí ohun tó so ó mọ́ ilẹ̀ mọ́. Ẹ gbé ike sókè, á já bọ́, ohun tí ẹ óò fi yíǹkì kùn á di òṣùpá àrànmọ́jú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti D. Ẹ, K, Ú àti N kò ní inú, ara wọn yá gágá.

Afárá ni ojútùú rẹ̀: kí a má gé Ọ yíká tán, kí a fi okùn ike tín-ín-rín méjì sílẹ̀ tí yóò di inú rẹ̀ mú. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà tí wọ́n kùn sára àpò kòkó àti àpótí ẹrù fi máa ń là sí méjì. Àwọn ọkùnrin Abẹ́òkúta tó ń gé bátànì àdìrẹ ẹlẹ́kọ sára páànù mọ èyí tipẹ́. Ohunkóhun tó bá fẹ́ dá léfòó, wọ́n á fi okùn páànù so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n tó fa ẹ̀kọ gba ojú ihò sára aṣọ. Àwọn tó ń tẹ orúkọ àti ọjọ́ ìnáwó sára ike àti táwẹ́ẹ̀lì gba ọ̀nà mìíràn. Aṣọ tí a nà mọ́ férémù ni skríìnì wọn, odidi aṣọ náà ló sì jẹ́ afárá: inú Ọ lẹ̀ mọ́ ọn lára, yíǹkì ń gba ojú aṣọ yòókù kọjá. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò na skríìnì tìtorí káàdì mẹ́wàá? Ike ìbòjú fáìlì tàbí fíìmù ẹ̀sìréè àtijọ́ ti tó. Kí búrọ́ọ̀ṣì ṣáà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, nítorí yíǹkì tó bá pọ̀ á yọ́ wọ abẹ́ ike.

Ó wá ku dáì, níbi tí àmì ti ń sọnù ní ti gidi.

Irin pẹlẹbẹ ni dáì, kò sábà nípọn ju mílímítà 1 lọ, etí rẹ̀ sì yọ sókè ní àwòrán ohun tó fẹ́ gé. A ó gbé ìwé líle lé etí yẹn, a ó fi ike líle méjì há wọn sáàrin bí ẹni fi búrẹ́dì há àkàrà, a ó wá fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ kí gbogbo rẹ̀ gba àárín rólà méjì kọjá. Àwọn èèyàn á ní ẹ̀rọ ló gé e. Ẹ̀rọ kò gé nǹkan kan. Ó ń fún un ni, bí a ṣe ń fún gàrí.

Báwo ni fífún ṣe wá di gígé? Ẹ ronú ìgbéyàwó lórí pápá lẹ́yìn òjò. Bọ̀ọ̀dá tó sanra, tó wọ sálúbàtà, á rìn kọjá, ilẹ̀ ò ní mọ̀. Àǹtí tínínrín tó wọ bàtà gogoro, ìgbésẹ̀ mẹ́ta, gìgísẹ̀ ti wọlẹ̀. Kò wúwo tó bọ̀ọ̀dá. Ojú kan ṣoṣo tó tó ẹyọ kọ́bọ̀ ni gbogbo ìwọ̀n ara rẹ̀ gbà sọ̀kalẹ̀. Bí wọ́n bá wá ní kó bọ́ síwájú kó jó, tí owó ń bọ́ lórí rẹ̀, tó ń fi ẹsẹ̀ kan yí, pápá á di ajere. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó wá tú kánópì lè tọ́ka sí ibi tó ti jó, láti ibi tábìlì ìyàwó títí dé ibi tó ti bọ́ bàtà sọ́wọ́. Ihò kọ̀ọ̀kan ló jọ gìgísẹ̀ náà, kò sí èyí tó jọ ojú rẹ̀. Etí dáì ni gìgísẹ̀ yẹn. Ohun tó wúwo ni rólà, ohun tó mú ni etí.

Nítorí náà, bí dáì kò bá gé já, ọ̀pọ̀ á máa fi agbára yí ẹ̀rọ títí ọwọ́ rẹ̀ á fi kán. Àyè tó wà láàrin rólà kì í yí padà. Agbára apá kò lè dín in kù. Nǹkan tí a há sáàrin ni kó nípọn sí i. Pépà fọ́tòkọ́pì ẹyọ kan, tí kò nípọn ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà, bí a bá fi kún un, ohun tó kọ̀ láti já láti àárọ̀ á já. Kò sí ibòmíràn nínú iṣẹ́ káàdì tí pépà kan ti níyì tó báyìí. Ní àsìkò òjò, tí ìwé líle ti mu ọ̀rinrin títí tó rọ̀, a lè nílò méjì.

Bí ó bá wá já tán, Ẹ KÚ ỌDÚN á bọ́ sílẹ̀ ní ẹyọ mọ́kànlá: lẹ́tà méje, àmì mẹ́rin. Inú Ọ àti inú D tún bọ́ lọ́tọ̀. Ní ti sítẹ́ńsù, inú lẹ́tà ni kò rí ibi dì mú. Ní ti dáì, àmì ni. Àmì abẹ́ kan á há sínú kòtò dáì, tí a óò fi abẹ́rẹ́ tì í jáde láti ihò ẹ̀yìn. Èkejì á wà lórí tábìlì títí iná á fi ṣàdédé dé, tí fáànù tí a gbàgbé láti pa á bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ibẹ̀ ni Ọ ti ń di O ní Àkúrẹ́.

Ọ̀nà pọ̀ tí a lè gbà. Ẹni tí dáì rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì nìkan lè fi pẹfọrétọ̀ ọ́fíìsì lu àmì abẹ́ tirẹ̀. Ihò rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi mílímítà 6, ó sì mọ níwọ̀n fún lẹ́tà tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 4. Fún èyí tó kéré, á dà bí ẹni jókòó sórí odó. Òmíràn ni òjìji: kí a tún ọ̀rọ̀ kan náà gé láti ara ìwé àwọ̀ mìíràn, kó sanra díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́, tí sísanra yẹn á fi mú kí àmì àti lẹ́tà fara kanra, kí gbogbo ọ̀rọ̀ sì wà lódindi lábẹ́.

Èyí tó dára jù lójú tèmi ti wà nínú ìwé Yorùbá àtijọ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán sábẹ́ ẹ àti ọ dípò tóóró. Bí ẹni tó ń ya dáì bá fa ìlà yẹn sókè díẹ̀ títí ó fi kan ìdí lẹ́tà, ó ti so. Àmì òkè náà lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ orí apá òsì U, àmì ìsàlẹ̀ á fi tirẹ̀ tẹ apá ọ̀tún. Ẹyọ mọ́kànlá ti padà di méje. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ẹni tó bá ti ní ẹyọ mọ́kànlá nílẹ̀ ńkọ́? Kó má ju ìwé tí a gé ọ̀rọ̀ náà kúrò lára rẹ̀ nù. Ẹ gbé e sókè kí ẹ wò ó: lẹ́tà ti di ihò, àmì ti di ihò, inú Ọ àti inú D nìkan ni kò sí níbẹ̀. Sítẹ́ńsù ni. Dáì tó kọ̀ láti di àmì mú ti fi ilé wọn sílẹ̀ fún wa. Ẹ fi pépà téèpù so ìwé náà mọ́ ojú káàdì, ẹ kán gọ́ọ̀mù bíńtín sẹ́yìn ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi abẹ́rẹ́ gbé e sínú ihò rẹ̀. Lẹ́tà Ẹ á wọlé, àmì abẹ́ rẹ̀ á wọlé tẹ̀ lé e, kò sí èyí tó máa wọ́. Kí ẹ ṣáà pa fáànù kí ẹ tó ká ìwé náà kúrò lórí rẹ̀.