Owó àkàjáde: ẹ yé pè é ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́

Mo bá àwọn kan lọ sí abúlé kan lójú ọ̀nà Ayétòrò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n fẹ́ mú lára àwọn ọmọ tí òbí wọn kò rí jẹ, kí wọ́n máa náwó lé wọn lórí títí wọ́n á fi ka ìwé mẹ́fà. Ohun tó dára ni, òun ni òyìnbó ń pè ní scholarship. Àfi bí ẹni tó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣe kígbe pé, "Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti dé o!" Ìyá kan tó ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ igi kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ọ̀fẹ́ ti wà ńbí kí wọ́n tó bí mi. Aṣọ ilé-ìwé ńkọ́?"

Kò jẹ̀bi. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti lólówó orí. Láti January 17, ọdún 1955 ló ti wà nílé ọkọ, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Awólọ́wọ̀ ń darí ní kí ọmọ gbogbo wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láìsan tọ́rọ́. Òfin ọdún 2004 tún sọ ọ́ di ọdún mẹ́sàn-án jákèjádò Nàìjíríà. Owó ilé-ìwé ni ọ̀fẹ́ yẹn gbé kúrò, ó sì gbé e kúrò fún ọmọ olówó àti ọmọ tálákà bákan náà. Èyí tí à ń sọ yìí, orúkọ ọmọ kan ló wà lórí rẹ̀. Ẹ wá fẹ́ fi orúkọ kan ṣoṣo pe méjèèjì?

Àwọn tó fẹ́ kí ẹnu wọn dùn ní "sìkọ́láṣíìpù" ni. Bàbá àgbà kan bi mí lábúlé yẹn pé èbúté wo ni ṣíìpù náà fẹ́ gúnlẹ̀ sí, pé Odò Ògùn ò jìn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe, ṣùgbọ́n mi ò rí èsì fọ̀. "Ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́" ni ti àwọn oníròyìn. Ó gbòòrò jù. Ẹni tó fún ilé-ìwé ní páálí ṣọ́ọ̀kì kan náà ti ṣe ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni "ẹ̀bùn ẹ̀kọ́". Ta ni kò mọ̀ pé ọmọ tórí ẹ̀ pé là ń pè ní ọmọ tó lẹ́bùn ẹ̀kọ́? Bí ẹ bá kígbe ìyẹn lábúlé, ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń gbé ipò kejìlélógún á ní kì í ṣe òun lẹ ń bá wí, á dá ọmọ padà sóko.

Owó àkàjáde ni mo pè é, owó tí à ń ná lé ọmọ kan lórí títí á fi kàwé jáde. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kọ́ni ní Yorùbá kò gbà. Wọ́n ní bí òbí bá gbọ́ ọ, wọ́n á rò pé owó tí ilé-ìwé ń gbà fún ayẹyẹ ìparí ni, wọ́n á sì sá. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ti lórúkọ, ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ni, òbí fúnra wọn sì ń pè é ní owó pátì. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì létí. Ṣebí Abẹ́òkúta wa yìí náà ni wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròyìn, ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́, jáde lọ́dún 1859? Ìwé la mọ̀, ìròyìn la mọ̀, wọ́n so ó pọ̀, etí sì gbà á. Wọn ò tíì dá mi lóhùn.

Ẹ wo iṣu. Ilẹ̀ kì í gbowó lọ́wọ́ ẹ̀, òjò kì í gbowó. Ìyẹn ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Síbẹ̀, ìtàkùn tí kò rí ọ̀pá gùn á máa rákò nílẹ̀ ni, koríko á bò ó. Àgbẹ̀ á wá ri ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè, ebè kan ọ̀pá kan, kò sì ní fà á tu kí iṣu tó gbó. Ọ̀pá yẹn ni owó àkàjáde. Bóyá ìjọba ló ri í ni o, bóyá ìjọ, ìyẹn ò kan iṣu.

Aṣọ, ìwé àti owó ọ̀kadà nìkan kọ́ lọ̀pá ọ̀hún gbọ́dọ̀ gbé. Ọmọ tó ti dé ìwé mẹ́rin ti lè ru gààrí lọ sí ọjà Lafẹ́nwá. Ọjọ́ tó bá lọ sílé-ìwé, ẹnìkan nínú ilé ti pàdánù nǹkan. Àwọn ará Mẹ́síkò mọ èyí. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ Progresa, ètò tí ìjọba wọn fi ń fún ìdílé tálákà lówó kí ọmọ wọn lè máa lọ sílé-ìwé, lọ́dún 1997, àwọn abúlé tálákà ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Láti kíláàsì kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni owó ti ń wọlé, ìyá ọmọ ni wọ́n ń kó o fún, ó sì ń pọ̀ sí i bí ọmọ ṣe ń gòkè, torí bí ọmọ ṣe ń dàgbà ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ń níye lórí nílé. Ọmọ tí kò bá wá tó ìdá 85 nínú 100 ọjọ́ ilé-ìwé, owó rẹ̀ kì í jáde láyé ìgbà náà.

Mo padà bá ìyá ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ yẹn ká tó kúrò lábúlé. Mo ní, "Màmá, owó àkàjáde ni wọ́n ń wí." Wọ́n fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Tó bá wá dé ìwé márùn-ún tẹ́ ò wá mọ́ ńkọ́?"

Ẹnikẹ́ni ò bi ẹni tó ń kígbe ọ̀fẹ́ ní ìyẹn.