Àyẹ̀wò òjé inú ọta ìbọn

Àyẹ̀wò òjé inú ọta ìbọn ni ọ̀nà kan tí àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI ní Amẹ́ríkà fi wá ẹni tó yìnbọn, láti àwọn ọdún 1960 títí di 2005. Bí ọta bá ti fọ́ yángá nínú ara, tí a kò rí ilà tí ojú ihò ìbọn fà sí i lára mọ́, tàbí tí ìbọn fúnra rẹ̀ ti dàwátì, ni wọ́n sábà máa ń ṣe é.

Òjé ọta kì í ṣe òjé pọ́ńbélé. FBI máa ń wọn nǹkan méje tó lúgọ sínú rẹ̀: bàbà, fàdákà, tánńganran, arsenic, antimony, bismuth àti cadmium. Bí ti ọta tí wọ́n yọ lára òkú bá bá ti inú páálí tí wọ́n bá nílé afurasí mu, ẹlẹ́rìí FBI yóò sọ nílé ẹjọ́ pé ibì kan náà ni méjèèjì ti wá. Àwọn kan tiẹ̀ ní inú páálí kan náà ni.

Ìwọ̀n yẹn péye. Ohun tí wọ́n ní ó túmọ̀ sí ni kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àlòkù bátìrì ọkọ̀ ni wọ́n sábà ń yọ́ láti rí òjé ọta, ìkòkò tí wọ́n ń yọ́ ọ sí sì tóbi gan-an. Nílé iṣẹ́ ọta, ti àná àti ti oṣù tó kọjá lè dà pọ̀ kí wọ́n tó dì í, kí páálí kan sì ní oríṣi òjé méjì tàbí mẹ́ta. Nínú ìròyìn tí National Research Council, àjọ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní oṣù kejì ọdún 2004, wọ́n ṣírò pé òjé kan tí kò níyàtọ̀ lè di ọta .22 (oríṣi ọta kékeré kan) tó 12,000, ó sì lè tó mílíọ̀nù 35. William Tobin, onímọ̀ irin tó ti ṣiṣẹ́ fún FBI kó tó fẹ̀yìn tì, wà lára àwọn tó ti ń pariwo èyí tẹ́lẹ̀.

FBI pa àyẹ̀wò náà tì ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2005, àmọ́ wọ́n ní ìpìlẹ̀ rẹ̀ ṣì dúró. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n ti ṣe é nínú nǹkan bí ẹjọ́ 2,500, ó sì dé iwájú adájọ́ nínú ohun tí kò tó ìdá kan nínú márùn-ún wọn. Èyí tó dunni jù ni ti àwọn tó ti wà lẹ́wọ̀n lẹ́yìn irú ẹ̀rí yìí. Ó di 2007, lẹ́yìn tí ìwé ìròyìn The Washington Post àti ètò tẹlifíṣọ̀n 60 Minutes tú ọ̀rọ̀ náà síta, kí FBI tó ṣèlérí pé àwọn yóò padà yẹ ẹ̀rí tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn jẹ́ wò.