Ibi Tí Owó Òǹkọ̀wé Ń Sùn Sí

Ìmọ̀ràn lórí bí èèyàn ṣe lè máa kọ̀wé fún àwọn ilé-iṣẹ́ kó sì máa fi jẹun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju iṣẹ́ náà lọ. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, wá oníbàárà, pàtẹ iṣẹ́ rẹ sórí LinkedIn, má gba owó pọ́ọ́kú. Ó dára, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ohun tí wọn kì í sábà ṣàlàyé fún àwọn tó ń dá iṣẹ́ yìí ṣe, àwọn freelancer, ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ títí di ọjọ́ tí alert yóò dún. Àárín yẹn lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, ó sì lè di oṣù mẹ́ta. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé tó mọṣẹ́ ti ń pa òwò tì, tí wọ́n á padà lọ wá iṣẹ́ olóṣù.

Èrò tó gbilẹ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé ilé-iṣẹ́ tí kò bá tètè sanwó, olè ni wọ́n. Olè wà lóòótọ́, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà kò sí ẹnì kankan tó jókòó síbì kan tó ní kí wọ́n má sanwó. Owó náà wà lórí ìlà ni, kò kàn sẹ́ni tó ń tì í síwájú. Òǹkọ̀wé tó bá ti gbà pé olè ni wọ́n yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ tàbí kó máa bínú, àtẹ̀bẹ̀ àtìbínú náà yóò sì máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ àpótí owó lọ́wọ́.

Nítorí pé ní ilé-iṣẹ́ ńlá, ẹni tó gbé iṣẹ́ fúnni kọ́ ló ń sanwó. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà fẹ́ kí wọ́n bá wọn kọ ìròyìn ọdọọdún wọn. Máníjà ẹ̀ka ìpolówó ló wá òǹkọ̀wé rí, òun ló fẹnu kò pẹ̀lú rẹ̀ sí ₦400,000, òun náà ló ka iṣẹ́ tó fi kọ̀wé padà pé, “Ó dùn gan-an ni, ẹ ṣé o, ẹ fi ínfọ́ìsì ránṣẹ́,” ìyẹn ìwé tí òǹkọ̀wé fi ń béèrè owó iṣẹ́ rẹ̀. Lójú máníjà, ọ̀rọ̀ ti parí, iṣẹ́ mìíràn ti dé orí tábìlì rẹ̀. Lójú ẹ̀ka akáǹtì, ọ̀rọ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí akáǹtì ń ṣe ni pé wọ́n ń fi ìwé mẹ́ta wé ara wọn. Àkọ́kọ́ ni ìwé ìbéèrè iṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní PO, tó sọ pé ilé-iṣẹ́ ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ báyìí ní iye báyìí. Èkejì ni ìwé tí máníjà fọwọ́ sí pé iṣẹ́ ti wọlé. Ẹ̀kẹta ni ínfọ́ìsì. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bára mu, owó ń bọ̀. Bí PO bá sọ ₦380,000 tí ínfọ́ìsì sì sọ ₦400,000, bóyá nítorí orí kan tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn tí PO ti jáde, ínfọ́ìsì yóò jókòó. Ẹni tó wà ní akáǹtì kò mọ̀ nípa orí tuntun, kò sì sí nínú iṣẹ́ rẹ̀ láti mọ̀. Ohun mìíràn tó máa ń dá owó dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ ni orúkọ: ínfọ́ìsì ń jẹ́ orúkọ òwò aláràbarà kan, àkọọ́lẹ̀ báńkì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ tí bàbá sọ òǹkọ̀wé. Wọn ò ní san án. Ìdí rèé tí ó fi yẹ kéèyàn forúkọ òwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, kó sì fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ṣí àkọọ́lẹ̀ báńkì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Bí kò bá ì tíì rí bẹ́ẹ̀, kó fi orúkọ ara rẹ̀ kọ ínfọ́ìsì, kó yé fi orúkọ òwò ṣe fáàrí.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ ìsanwó. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka akáǹtì kì í sanwó lójoojúmọ́. Wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n ń kó gbogbo ínfọ́ìsì tó ti pé jọ, tí wọ́n ń san wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Ká ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún àti ọgbọ̀njọ́ oṣù ni ti ilé-iṣẹ́ wa yìí, wọ́n sì ní ọgbọ̀n ọjọ́ làwọn fi ń san. Òǹkọ̀wé fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta. Máníjà wà ní Àbújá, ó dé ní ọjọ́ 10, ó fọwọ́ sí i. Ínfọ́ìsì dé akáǹtì ní ọjọ́ 12, wọ́n dá a padà nítorí iye tí kò bára mu. Wọ́n tún PO ṣe, ínfọ́ìsì mìíràn wọlé ní ọjọ́ 19. Láti ọjọ́ yìí ni akáǹtì ti ń ka ọgbọ̀n ọjọ́ rẹ̀, kì í ṣe láti ọjọ́ tí iṣẹ́ parí. Ó pé ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n ti san ti ọjọ́ 15. Nítorí náà, ó di ọjọ́ 30. Ọjọ́ 58 gbáko ló kọjá, kò sì sẹ́ni tó jalè, kò sẹ́ni tó purọ́, kò tiẹ̀ sẹ́ni tó ṣọ̀lẹ.

Kí a sọ òótọ́, ètò náà ní ọgbọ́n nínú. Bí máníjà ìpolówó bá lè pe òǹkọ̀wé kó tún sanwó fún un, kò ní pẹ́ tí àbúrò rẹ̀ yóò fi máa gbowó ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kọ. Pé ẹni tó pe iṣẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń sanwó, kò sí ilé-iṣẹ́ tó gbọ́n tí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tó kéré jù nínú gbogbo wọn ló ń ru ẹrù ìdúró. Ní gbogbo ọjọ́ 58 yẹn, ₦400,000 wà nínú àkọọ́lẹ̀ ilé-iṣẹ́, ó ń bá wọn ra epo jẹnẹrétọ̀, ó ń bá wọn san owó oṣù. Òǹkọ̀wé ti yá wọn lówó láìsí èlé, kò sì mọ̀ pé òun yá ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Àwọn baba ńlá wa kì í ṣe irú àṣìṣe yẹn. Wọ́n mọ̀ pé owó tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní iye tirẹ̀. Ẹni tó bá yáwó nígbà náà lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà: yóò máa lọ ṣiṣẹ́ fún olówó, iṣẹ́ yẹn sì ni èlé. Ojú owó ṣì wà níbẹ̀ digbí títí ọjọ́ tí wọ́n bá san án tán. Kì í ṣe pé ká máa yin ìwọ̀fà o, ọmọ tí kò mọwọ́ tí kò mọsẹ̀ ló ń dúró fún gbèsè bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo òǹkọ̀wé òde òní: òun ló yá wọn lówó, òun náà ló tún ṣiṣẹ́. Ìwọ̀fà tó jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ni olówó, irú rẹ̀ ò sí rí.

Nígbà tí onígbèsè bá sì kọ̀ tí kò san, olówó lè bẹ ológò lọ́wẹ̀. Ológò yóò wá sí ilé onígbèsè, yóò jókòó, yóò dógò tì í. Yóò máa pariwo, yóò ní kí wọ́n wá gbé oúnjẹ fún òun, bí adìẹ bá kọjá níwájú rẹ̀ yóò ní kí wọ́n pa á. Ìnáwó rẹ̀ di ti onígbèsè. Kò pẹ́ tí gbogbo agbo ilé yóò fi dá owó jọ kí wọ́n lè rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ kọjá ìyọlẹ́nu: ológò sọ ìdúró di ohun tó ń ná onígbèsè lówó, dípò olówó.

Ohun tí àwọn òfin kan ń ṣe lónìí náà nìyẹn, láìsí adìẹ nínú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan tó ti wà láti 1998 sọ pé bí ilé-iṣẹ́ kan bá jẹ òmíràn lówó tí ọjọ́ sì kọjá, èlé ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún yóò gorí rẹ̀, ní àfikún sí iye tí báńkì àpapọ̀ wọn bá fi lélẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èlé. Yàtọ̀ sí èlé, £40 tún wà lórí gbèsè tí kò tó £1,000, £70 lórí èyí tí kò tó £10,000, £100 lórí èyí tó bá tó bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń dáṣẹ́ ṣe ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, lè kọ ọ́ sí ínfọ́ìsì tó tẹ̀ lé e, láìjẹ́ pé ó bá wọn ṣe àdéhùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ìlú New York, láti 2017, iṣẹ́ tó bá tó $800 gbọ́dọ̀ ní àdéhùn lórí ìwé, wọ́n sì gbọ́dọ̀ san án láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tí wọn kò bá dá ọjọ́ mìíràn. Ẹni tí kò bá san lè rí i pé ilé ẹjọ́ sọ owó náà di ìlọ́po méjì. Ní Èkó, ilé ẹjọ́ fún gbèsè kéékèèké bẹ̀rẹ̀ ní 2018. Gbèsè tí kò ju ₦5 mílíọ̀nù lọ ni wọ́n ń gbọ́, ìwé pé “ẹ san owó mi” gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ onígbèsè, ètò wọn sì ni pé kí ẹjọ́ parí láàárín ọgọ́ta ọjọ́. Òǹkọ̀wé tó mọ̀ nípa rẹ̀ kò pọ̀. Èyí tó mọ̀ náà ń wo iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀ lọ́wọ́ oníbàárà kan náà, ó sì ń dákẹ́.

Nítorí náà, ológò òǹkọ̀wé ní láti wà nínú àdéhùn rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àsansílẹ̀ ló ṣáájú, ìdajì iye iṣẹ́ bó bá ṣeé ṣe. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé torí kí ọwọ́ má gbófo ni wọ́n ṣe ń gbà á, ìyẹn sì wà níbẹ̀. Èrè rẹ̀ tó tóbi jù ni pé ó ń dán ojú ọ̀nà wò. Láti san àsansílẹ̀, akáǹtì gbọ́dọ̀ ti kọ orúkọ òǹkọ̀wé sínú ìwé wọn, ti gba TIN rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó fi ń san owó orí, ti wo àkọọ́lẹ̀ báńkì rẹ̀, ti ní PO lọ́wọ́. Gbogbo ohun tí ìbá dá owó dúró lẹ́yìn iṣẹ́ yóò ti jáde síta nígbà tí òǹkọ̀wé kò tíì kọ ìlà kan. Ohun tó kàn ni kó kọ ọ́ sí àdéhùn pé ọjọ́ tí àsansílẹ̀ bá wọlé ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Owó tó kù, kí wọ́n so ó mọ́ ọjọ́, kí wọ́n má so ó mọ́ ìfọwọ́sí. “Nígbà tí ẹ bá fọwọ́ sí i” lè di ọdún tó ń bọ̀. “Bí a kò bá gbọ́ èsì láàárín ọjọ́ méje, ẹ ti gba iṣẹ́ náà nìyẹn” ń mú kí ọjọ́ máa kà kódà bí máníjà bá ṣì wà ní Àbújá. Kí wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀tọ́ àdàkọ kò ní kúrò lọ́wọ́ òǹkọ̀wé títí owó yóò fi pé. Ní Nàìjíríà, ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀tọ́ yẹn gbọ́dọ̀ gbà á lórí ìwé, àwọn agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ sì mọ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà béèrè owó náà ṣe pàtàkì. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ owó yẹn” ń ti máníjà lójú, ojú tó tì í kì í sì í mú owó jáde. Kò kàn ní gbé fóònù mọ́ ni. Akáǹtì ni kí wọ́n pè, pẹ̀lú ìbéèrè tí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ jẹ́ ìdáhùn rẹ̀: “Ẹ káàsán mà. Ínfọ́ìsì wa tó wọlé lọ́jọ́ kọkàndínlógún, ṣé ó wà lára àwọn tí ẹ fẹ́ san ní ọgbọ̀njọ́ oṣù?” Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tó kù ni, “Kí ló kù tí mo lè fi ránṣẹ́, mà?” Lọ́pọ̀ ìgbà, ìwé kan ṣoṣo ló kù, kò sì sẹ́ni tó rántí láti sọ.

Owó ìdúró gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ìnáwó ilé rẹ̀ jẹ́ ₦250,000 lóṣù, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń gba oṣù méjì kí wọ́n tó san, nílò ₦500,000 tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn fún nǹkan mìíràn. Owó òwò rẹ̀ nìyẹn, bí èyí tí aláṣọ Balógun fi ń ra ọjà. Nítorí pé òǹkọ̀wé kì í kó ọjà sí ìsọ̀, àwọn èèyàn rò pé kò nílò owó ìdókòwò.

Nígbà tí alert bá wá dún, yóò sábà jẹ́ ₦380,000. Ariwo tuntun nìyẹn. Wọn kò jí ₦20,000. Owó orí ni wọ́n yọ síwájú, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún fún irú iṣẹ́ báyìí lábẹ́ ìlànà tó jáde ní 2024. Ẹni tí kò bá ní TIN, wọ́n á yọ ìlọ́po méjì rẹ̀. Fún ẹni tó ń fi orúkọ ara rẹ̀ tàbí orúkọ òwò ṣiṣẹ́, ìjọba ìpínlẹ̀ ni owó yẹn ń lọ bá, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò nínú owó orí tó yẹ kó san lọ́dún yẹn, tó bá ní ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti yọ ọ́. Akáǹtì ló ń fi ìwé yẹn sílẹ̀, wọn kì í sì í fún ẹni tí kò bá béèrè. Kí ó béèrè fún un lọ́jọ́ tí owó wọlé, nítorí pé bí oṣù Kẹta ọdún tó ń bọ̀ bá dé tí ó ń múra ìwé owó orí rẹ̀, ẹni tó san owó náà lè ti kúrò ní ilé-iṣẹ́ ọ̀hún.